Ẹ̀rọ Ìgbọ́ràn Ẹyọ Kan Kò Lè Fi Ibi Tí Ohùn Ti Ń Bọ̀ Han Ọmọ

Sí Olóòtú,

Àwọn òbí wa níhìn-ín ní Abuja, láti Kubwa dé Nyanya, máa ń ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ẹyọ kan fún ọmọ tí etí rẹ̀ méjèèjì kò gbọ́ dáadáa. Owó ló fà á, a ò bá wọn jà. Àmọ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ náà yóò gbọ́ fèrè ọ̀kadà láì mọ ọwọ́ tó ti ń bọ̀.

Etí méjèèjì ni ọpọlọ ń fi wé ara wọn. Ohùn tó ti apá ọ̀tún wá máa ń kan etí ọ̀tún ṣáájú. Ìyàtọ̀ náà kò pé ìdá kan nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan. Orí á tún dínà mọ́ ohùn tín-ín-rín, irú ti súfèé, yóò sì ti rẹlẹ̀ kó tó dé òdìkejì.

Ẹ̀rọ méjì ló yẹ, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá lágbára ju èkejì lọ, ohùn á dà bíi pé ọ̀dọ̀ èyí tó lágbára ló ti ń wá. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù. Ọmọ ń dàgbà, rọ́bà ẹ̀rọ tó ń wọ inú etí kò bá a dàgbà. Rọ́bà á tú, ẹ̀rọ á máa súfèé, ni ìyá bá yí ohùn ẹ̀gbẹ́ náà wálẹ̀. Súfèé dúró lóòótọ́, àmọ́ etí méjèèjì kò dọ́gba mọ́. (Ọmọ ò ní sọ fún yín, ó rò pé bí gbogbo ènìyàn ṣe ń gbọ́ nìyẹn.) Rọ́bà tuntun ni kí wọ́n wọ̀n fún un, ọmọ ọwọ́ lè nílò òmíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta péré. Ẹ yẹ ihò rọ́bà náà wò láràárọ̀, bóyá ìdọ̀tí etí tàbí òógùn ti dí i. Bátìrì ńkọ́? Tí ẹ bá ṣí bébà ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i fún bí ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó tì í bọlé. Ẹ má ṣí i sílẹ̀ de ọ̀la, ọyẹ́ máa ń gbẹ ẹ́.

Ewé etí ló ń fi ìyàtọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn hàn wá, òkè rẹ̀ sì ni maikirofóònù ẹ̀rọ ẹ̀yìn etí jókòó sí. Ọmọ lè tipa bẹ́ẹ̀ ṣi ẹ̀yìn mú fún iwájú, àfi kó yí orí díẹ̀ nígbà tí ohùn ṣì ń lọ. Fèrè tó dún ẹ̀ẹ̀kan kì í fún un láyè.

Ẹ dán an wò báyìí: ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ fi aṣọ bo ọmọ lójú, kí ẹni méjì dúró ní mítà kan sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀ pẹ̀lú agolo irú kan náà lọ́wọ́ kálukú. Kí wọ́n lu agolo nígbà 10 láìtẹ̀lé ètò kankan, kí ọmọ máa nàka. Bó bá gba 5 tàbí 6, àbá ló ń dá. Láti 9 sókè ni ká gbà.

Ní kíláàsì, kí ẹni tó bá fẹ́ dáhùn nawọ́ kó tó sọ̀rọ̀, kí ọmọ ẹlẹ́rọ lè mọ ibi tí yóò kọjú sí. Títì Mararaba ní tirẹ̀, ojú ni kó fi sọdá: kó wo ọ̀tún, kó wo òsì, kó tún wo ẹ̀yìn, bó tilẹ̀ gba 10 nínú 10.

Òṣìṣẹ́ ìtọ́jú etí,
Kubwa, Abuja