Yèyé mi, ìdí tí owó fi ń pẹ́ nìyí

Yèyé mi, ẹ kú ọjà o. Mo gbọ́ fóìsì tí àbúrò mi bá yín ṣe ránṣẹ́, ibi tí ẹ ti ní "Àbẹ̀kẹ́, àbí mo ṣẹ̀ ọ́ ni" yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Ẹ ò ṣẹ̀ mí rárá. Owó òrùlé ilé Ìsọ̀kùn wà lọ́kàn mi, owó ọ̀hún ni ò sí, mi ò sì fẹ́ máa fi "ó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí" tàn yín mọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ń sọ fáwọn èèyàn lọ́jà Àtakúmọ̀sà pé ọmọ yín ń darí tírélà l'Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni, àmọ́ tírélà ò jẹ́ tèmi. Dispatcher ni wọ́n ń pè wá. Dírẹ́bà wà lójú ọ̀nà, èmi wà nídìí kọ̀ǹpútà ní Houston níbí, èmi ni mò ń bá a wá lódù, ìyẹn ẹrù tó máa gbé, èmi ni mò ń bá àwọn broker, ìyẹn àwọn alágbàtà ẹrù, ná owó máìlì kọ̀ọ̀kan, tó bá já ẹrù sílùú kan èmi ni màá rí i pé ò rìn lófìfo lọ sí ìkejì torí kò sẹ́ni tó máa san owó epo ìyẹn. Tírélà márùn-ún ló wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ tó bá dáa, wọ́n lè pa $27,000. $650 lọ́sẹ̀ ni sálárì tèmi. Àwọn dispatcher tó ń dá ṣe tiwọn máa ń mú dọ́là 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún dọ́là tí tírélà bá pa, tèmi ò tó 3.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi náírà ṣírò $650 yẹn, dọ́là náà ni mò ń ná. Owó orí ti yọ kó tó dọ́wọ́ mi, rẹ́ǹtì $1,150 lóṣù, mọ́tò àti ìnṣọ́ránsì ẹ̀, iná, oúnjẹ. Tó bá ku $200 lópin oṣù mo ti dúpẹ́.

Dírẹ́bà mi kan, àgbàlagbà tó máa ń pè mí lọ́mọ ẹ̀, dé warehouse kan, ìyẹn ilé ìkẹ́rùsí, ní Memphis lágo 10 àárọ̀, wọn ò já ẹrù ẹ̀ tán títí ago 7 àbọ̀ alẹ́. Ago 6 ìdájí ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òfin ò sì gbà kó wakọ̀ mọ́ tí wákàtí 14 bá ti pé, ẹ̀rọ kan wà nínú tírélà tó ń ka gbogbo ẹ̀. Ó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mò ń pe ibi ìgbọ́kọ̀sí kan tẹ̀lé òmíì, gbogbo ẹ̀ ti kún, fóònù gbóná létí mi, nígbà tó máa fi rí àyè lẹ́yìn ilé epo kan ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ago 8 lù. Lódù tó yẹ kó gbé lálẹ́ yẹn ti lọ. Wákàtí méjì àkọ́kọ́ tí tírélà bá fi dúró ni broker ní lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn ẹ̀ $50 ni wákàtí kan nínú àdéhùn wa, ló bá ń sá. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń pè é títí ó fi san $375. Ọ̀gá fún dírẹ́bà nínú ẹ̀, inú mi dùn fún un, ọ̀gá mú tiẹ̀, ó ní èmi ṣeun. Mo délé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, mo sunkún.

Ìgbà yẹn ni mo rántí Bàbá àgbà. Bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́, wọ́n á ru aṣọ dé Èkìtì àti Àkókó, wọ́n á tà á láwìn, tí ọjọ́ bá pé wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà, òṣòó ni màá ló gbowó mi, wọn ò ní dìde, wọn ò sì ní bú ẹnikẹ́ni. Ọmọ Oṣómàáló ni mí, ṣé owó ẹlòmíì nìkan ni màá máa gbà wálé ni?

Mo ra ìwé kan. Gbogbo ìgbà tí fóònù ọ́fíìsì bá dún ni mò ń kọ aago sí i, títí kan ti ago 2 òru tí ẹ̀yin ń mu ẹ̀kọ àárọ̀ n'Íléṣà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ti pé, wákàtí 61 ló ń jẹ́ lọ́sẹ̀. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣàlàyé fún mi pé òfin kan wà níbí láti 1938, tó bá ti kọjá wákàtí 40 lọ́sẹ̀, wákàtí kọ̀ọ̀kan tó lé, owó wákàtí kan àti ààbọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ san, òun ni wọ́n ń pè ní òfátáìmù. Ọ̀gá máa ń ní ẹni tó ń gba sálárì ò ní òfátáìmù. Irọ́ ni. Ẹni tí sálárì ẹ̀ ò bá tó $684 lọ́sẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí i, tèmi ò sì tó o. Wákàtí 21 lọ́sẹ̀ tí mò ń ṣe lófo!

Mọ́ńdè ni màá gbé ìwé yẹn síwájú ọ̀gá, mi ò ní pariwo. Kó san òfátáìmù mi, kó sì jẹ́ ká jọ tún owó iṣẹ́ mi dá. Tó bá kọ̀, ọ́fíìsì ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó iṣẹ́ wà, òfin ò sì gbà kó lé mi torí mo lọ fẹjọ́ sùn. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín.

Torí náà ẹ má yá owó kọ́porétíìfù nítorí òrùlé o, ẹ jẹ́ kí páànù yẹn ṣì fara dà á. $100 máa wọlé ní Fúráìdè, ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ni, ẹ má fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹ sọ fún àbúrò mi kó wo àpótí Bàbá àgbà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, ìwé gbèsè wọn wà níbẹ̀, kó ya fọ́tò ojú ewé kan ránṣẹ́ kó tó di Mọ́ńdè. Mo fẹ́ kó wà nínú fóònù mi nígbà tí mo bá wọlé lọ bá ọ̀gá.

Àbẹ̀kẹ́ yín