Lẹ́tà sí àbúrò mi: ka orí kó o tó ka póìntì

Àbúrò mi àtàtà,

Ìyàwó wa sọ fún mi lórí fóònù pé díẹ̀ ló kù kó o tẹ bọ́tìnì lórí áàpù láti gba hòtẹ́ẹ̀lì fún ìsinmi yín. Ó ní hòtẹ́ẹ̀lì tó o rí yẹn ga fíofío, gíláàsì ni gbogbo ara rẹ̀, èèyàn á sì máa wo odò ìlú náà láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní póìntì rẹ, èyí tí ilé iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì máa ń fún ẹni tó ń sùn lọ́dọ̀ wọn kó lè fi gba yàrá lọ́jọ́ míì, ti pé 160,000, òru márùn-ún lo sì fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ gbà níbẹ̀. Inú mi dùn gan-an. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ìbéèrè kan sọ sí mi lọ́kàn, òun ni mo ṣe jókòó kọ lẹ́tà yìí: èèyàn mélòó lo kọ sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè iye ẹni tó ń bọ̀?

Tí èèyàn ò bá fọwọ́ kan ibẹ̀, àgbàlagbà kan tàbí méjì ni áàpù máa ń kọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Èmi náà ò fọwọ́ kàn án lọ́dún tá a kọ́kọ́ fi póìntì kó àwọn ọmọ rìnrìn àjò. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá nígbà tá a débẹ̀. Àbíkẹ́yìn ti sùn lọ fọnfọn lórí báàgì, bàtà ẹsẹ̀ kan ti bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, a ò sì mọ ibi tó já sí. Arábìnrin tó wà ní kántà wo kọ̀ǹpútà, ó wò wá, ó tún wo kọ̀ǹpútà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ka àwọn ọmọ níkọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ sí wa burúkú. Ó kàn ní yàrá tá a gbà kò gbọ́dọ̀ gba ju èèyàn mẹ́ta lọ, torí òfin ààbò lórí iná, òun ò sì lè ṣe nǹkan kan sí i.

Àjà kẹrin ni yàrá wa wà. Èyí tó ṣófo wà ní àjà kẹsàn-án. Póìntì tó kù lọ́wọ́ mi ò tó gbà á, la bá sanwó, iye tí wọ́n ń tà á lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Bàbá àwọn ọmọ kó àwọn ọmọkùnrin méjèèjì lọ sókè, èmi àti àbíkẹ́yìn sì dúró nísàlẹ̀. Òru mẹ́ta la fi sùn bẹ́ẹ̀. Inú lífíìtì la ti ń kí ara wa láàárọ̀. Owó yẹn dùn mí, àmọ́ ohun tó ṣì ń ká mi lára ni ọ̀rọ̀ tí àkọ́bí mi bi mí kó tó bá bàbá rẹ̀ gòkè: "Mọ́mì, ṣé wọn ò mọ̀ pé à ń bọ̀ ni?" Wọn ò mọ̀ lóòótọ́. Èmi ni mi ò sọ fún wọn.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń ka ọmọ lórí ní kántà. Lọ́dún 1951, ọkùnrin kan ní Memphis nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Kemmons Wilson, kó ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn márààrún lọ sí Washington fún ìsinmi. Àwọn ilé tí wọ́n ń sùn sí lójú ọ̀nà ń gba dọ́là méjì lé owó yàrá lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Inú bí i débi pé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1952, ó ṣí hòtẹ́ẹ̀lì Holiday Inn àkọ́kọ́ ní Memphis, ó sì fi í ṣe òfin pé ọmọ tó bá bá òbí rẹ̀ sùn nínú yàrá kan náà kò ní san kọ́bọ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn. Bàbá tí wọ́n ka àwọn ọmọ rẹ̀ lójú ara rẹ̀ ló dá ilé yẹn sílẹ̀.

Orí márùn-ún ni tiyín: ìwọ, ìyàwó wa, àwọn ọmọ méjèèjì, àti Màámi. Póìntì tí wọ́n kọ gàdàgbà sójú áàpù, ti yàrá tó kéré jù nínú ilé náà ni. Ní ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì àárín ìlú, pàápàá ní Yúróòpù, èèyàn méjì ni wọ́n ṣe yàrá yẹn fún, bóyá ọmọ kan sí i. Yàrá ńlá wà lóòótọ́, àmọ́ iye póìntì tí wọ́n ń béèrè fún un lè fò sókè kọjá ohun tí ìtóbi rẹ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí yàrá kékeré méjì fi sábà máa ń sàn ju ńlá kan lọ.

Ṣírò ó pẹ̀lú mi. Ọ̀dọ̀ Marriott Bonvoy, ètò póìntì ilé iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì Marriott, ni póìntì rẹ wà. Ẹni tó bá fi póìntì gba òru márùn-ún léra wọn lọ́dọ̀ wọn, mẹ́rin ló máa san. Òru tí póìntì rẹ̀ kéré jù ni wọ́n máa fi jìn ín. Onígíláàsì yẹn ń gba 40,000 lóru kan. Òru mẹ́rin, 160,000. Gbogbo ohun tó o ní ti tán, yàrá kan ṣoṣo lo sì rí gbà, níbi tí Màámi á ti máa wá ibi tí wọ́n á fẹ̀yìn lé. Wá wo èyí tí kò ga, tí ìyàwó wa fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, tó wà lẹ́bàá ọgbà ìtura. 20,000 ni yàrá kan lóru kan. Yàrá méjì, 40,000. Òru mẹ́rin, 160,000, òru karùn-ún sì jẹ́ ọ̀fẹ́ ní yàrá méjèèjì. Póìntì kan náà, ọjọ́ kan náà. Odò nìkan lẹ ò ní máa wò láti orí bẹ́ẹ̀dì. Àmọ́ tètè ṣe é, torí láti 2022 ni wọ́n ti pa ìwé iye póìntì tí kì í yí padà tì. Iye ọ̀la lè má jẹ́ iye tòní. Gbìyànjú kó o sún ọjọ́ náà síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀, kó o wo bó ṣe máa rí.

Kí ìwọ fúnra rẹ sì pe hòtẹ́ẹ̀lì náà, kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó póìntì. Béèrè yàrá méjì tí ilẹ̀kùn wà láàárín wọn, tí èèyàn lè gbà kọjá láìjáde síta. Má jẹ́ kí wọ́n fi "yàrá méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn" dá ọ lóhùn. Ìyẹn lè má ní ilẹ̀kùn kankan láàárín. Tí wọ́n bá gbà, ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú í-meèlì. Orúkọ èèyàn márààrún àti ọjọ́ orí àwọn ọmọ ni kó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ibi tí hòtẹ́ẹ̀lì wà ni mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ gbọ́, torí ìwọ ò tíì kó ọmọ rìn nílùú ńlá rí. Iṣẹ́ ló ń gbé ọ lọ ní tìẹ: o ń sùn níbẹ̀, o ń jáde láàárọ̀, ó di alẹ́ kó o tó padà. Tọmọdé ò rí bẹ́ẹ̀. Tó bá di aago méjì ọ̀sán, ọmọ ọdún mẹ́rin ti rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà yóò jókòó sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, kò sì ní dìde mọ́. Tí hòtẹ́ẹ̀lì bá wà nítòsí, ẹ ó gbé e wọlé, yóò sùn fún wákàtí kan, Màámi náà á na ẹsẹ̀, tó bá sì di aago mẹ́rin, ọjọ́ míì ti bẹ̀rẹ̀ fún yín. Tó bá jìnnà, ọjọ́ yẹn ti parí nìyẹn. Ẹ ó gbé ọmọ tó ń sunkún wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tó kún fọ́fọ́, ẹ ò sì ní jáde mọ́.

Nítorí náà, má fi iye ìṣẹ́jú tí máàpù kọ díwọ̀n. Ẹsẹ̀ àgbàlagbà tí kò gbé nǹkan kan ni máàpù fi ń rìn. Ìṣẹ́jú méjìlá tirẹ̀, ìlàjì wákàtí ni tiyín. Wo ibi tí àwọn ọmọ fẹ́ lọ jù lọ, kó o wá hòtẹ́ẹ̀lì sítòsí ibẹ̀, kì í ṣe sítòsí ibi tí àwọn oníṣòwò ti ń ṣèpàdé. Wo ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó sún mọ́ ọn pẹ̀lú, bóyá lífíìtì wà níbẹ̀ tàbí àtẹ̀gùn nìkan. Orúnkún Màámi ò gba àtẹ̀gùn, o mọ̀.

Ní ti Màámi, béèrè bálùwẹ̀ tí wọ́n lè rìn wọ̀ tààrà. Kì í ṣe èyí tí wọ́n máa ní láti gbé ẹsẹ̀ sókè kí wọ́n tó wọ inú ọpọ́n ìwẹ̀. Ẹnu ọpọ́n yẹn máa ń ga dé orúnkún, ó sì máa ń yọ̀. Wọn ò ní sọ fún ọ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọ́n á kàn ní àwọn ò fẹ́ wẹ̀ lálẹ́ yìí.

Owó díẹ̀ ṣì máa jáde lápò rẹ o, póìntì ò san ohun gbogbo. Ọ̀pọ̀ ìlú ní Yúróòpù ń gba owó orí lọ́wọ́ àlejò, orí kọ̀ọ̀kan, òru kọ̀ọ̀kan, yálà póìntì lo fi gba yàrá tàbí owó. Ní Amẹ́ríkà, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kan ń gba owó lé owó yàrá lójoojúmọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní resort fee tàbí destination fee. Àwọn ilé iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì Hilton àti Hyatt kì í gba resort fee lọ́wọ́ ẹni tó fi póìntì nìkan gba yàrá. Marriott ń gbà á. Kà á kó o tó tẹ bọ́tìnì.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi òru kan tàbí méjì kún un, póìntì tèmi wà ní Hilton, n kò lò ó. Wọ́n gba kí èèyàn tó tó 11 kó póìntì wọn pa pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyàwó wa náà ní díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ mú un.

Mo mọ ibi tí 160,000 yẹn ti wá. Mo mọ àwọn alẹ́ tó o pè láti yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, tí àwọn ọmọ ti sùn, tó o ní kí ìyàwó wa gbé fóònù sún mọ́ wọn kó o lè gbọ́ mímí wọn. Òun ló sọ fún mi. Àwọn òru yẹn ló di póìntì. Yàrá tó o máa fi wọ́n gbà, jẹ́ kó jẹ́ èyí tí o ti lè gbọ́ mímí wọn láti ẹnu ilẹ̀kùn àárín.

Tí í-meèlì hòtẹ́ẹ̀lì bá dé, fi ránṣẹ́ sí mi lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Màá ka orúkọ márààrún lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó sùn.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin