Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Gáréèjì Ẹrù Tí Wọ́n Tì Pa

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa, ọlọ́lá jùlọ,

A kí yín, a kí ìgbìmọ̀ yín. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìjọba yín tu ará ìlú lára. Àwa olóyè àti ọmọ ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ata, tòmátì àti àlùbọ́sà la ń kọ̀wé yìí pẹ̀lú ìtẹríba. Ẹ kò lè ṣàì mọ̀ wá. Kò sí ìkòkò ọbẹ̀ kan tó ń hó nílùú yìí tí ọwọ́ wa kò sí níbẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n fi ń ṣe àwọn àlejò yín lálejò.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni àwọn òṣìṣẹ́ yín wá fi ṣéènì àti àgádágodo ti gáréèjì tí a ti ń já ẹrù. Wọn kò fún wa níwèé kankan ṣáájú. Wọ́n ní ọkọ̀ ńlá ń ba títì jẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, trélà tòmátì ti tò sétí títì, wọn ò sì jẹ́ ká já a síbẹ̀ náà. Ọ̀sán Ọjọ́rú la tó rí onílẹ̀ kan tó gbowó lọ́wọ́ wa kó tó gbà wá láyè. Nígbà tí a ṣí tápólì, omi pupa ló ń ṣàn sílẹ̀.

Bóyá àwọn tó gbà yín nímọ̀ràn kò mọ bí tòmátì ṣe ń rìn. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn báyìí, ti Òkè Ọya nìlú ń jẹ, láti àwọn oko tí wọ́n ń bomi rin ní Kánò àti Kàdúná. Apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń dì í sí, wọ́n á tò ó léra, ti ìsàlẹ̀ á sì ti máa fọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra. Kò sí ẹ̀rọ amúǹkantutù kankan nínú ọkọ̀ náà. Ó di Jẹ́bà, ó kọjá Odò Ọya, ó di Ògbómọ̀ṣọ́, kó tó kàn wá. Òru la ń já a. Kójúmọ́ tó mọ́, alágbàtà ti pín in. Kí oòrùn tó mú, alátẹ ti gbé e délé ọjà àdúgbò. Lọ́sàn-án, olóúnjẹ ti lọ̀ ọ́.

Owó rẹ̀ ńkọ́? Àwìn ni. Dilálì, ìyẹn alárinà ọjà, ló ń dúró fún àgbẹ̀, alágbàtà kì í sì í sanwó àfìgbà tó bá tà. Nítorí náà, ẹrù tó jẹrà lẹ́yìn ṣéènì yín ti di gbèsè sọ́rùn àwọn tí kò mọ ọ̀nà ọ́fíìsì yín rárá. Owó ọkọ̀ tó ti lọ sókè látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún 2023, a san án. Owó ìdádúró àwọn awakọ̀, a tún san án.

Ní 2016, kòkòrò jẹ oko tòmátì run ní Kàdúná, a fara dà á. Ní 2021, àwọn tó ń kó oúnjẹ wá láti Òkè Ọya dá ọkọ̀ dúró, gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló mọ̀ ọ́n lára, a fara dà á. Ti ìgbà yìí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí gáréèjì náà. Tó bá jẹ́ pé títì lẹ ń rò, a gbà kí ọkọ̀ máa wọlé láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago márùn-ún ìdájí nìkan, àwọn ọmọ wa á sì máa darí wọn. Kẹ́ ẹ sì fojú àánú wo àwọn tó pàdánù ẹrù. Ti gọ́tà tó dí àti tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún wa lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó di ọjọ́ mìíràn.

Ọjọ́ Ẹtì ni ìpàdé gbogbogbòò wa. Àwọn awakọ̀ ní àwọn á máa gbẹ́rù lọ sọ́jà ìlú kejì. Àwọn ọ̀dọ́ ní ká ti ìsọ̀, ká kó àwọn apẹ̀rẹ̀ òfìfo wá síwájú ọ́fíìsì yín. A ṣì ń bẹ̀ wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa lóhun tí a máa sọ fún wọn.

Àwa ni,
Alága, Ìyálọ́jà, Akọ̀wé àti Akápò ẹgbẹ́