Àbẹ̀kẹ́, ẹ má gba títì wá

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà, àwọn ọmọ ńkọ́, ọkọ ẹ ńkọ́? Àwa náà wà ńbí. Orúnkún ìyá ẹ ṣì ń dùn ún, tiransifọ́mà àdúgbò ti jó láti bí ọjọ́ mẹ́wàá, ewúrẹ́ bí ìbejì, ọ̀kan kú. Ìyẹn kọ́ ló jẹ́ kí n máa kọ̀wé.

Ẹ̀gbọ́n ẹ ló jábọ̀ fún mi. Má bá a jà o, kò mọ̀ pé àṣírí ni, ó kàn ń sọ ọ́ lọ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni, pé o fẹ́ kó àwọn ọmọ wá sí Kàdúná nínú ọlidé yìí, ẹ fẹ́ wo Arewa House, àárọ̀ lẹ máa dé, ìrọ̀lẹ́ lẹ máa padà sí Kubwa lÁbújá. Mo ní àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà bọ̀? Ó ní ọkọ ẹ ló máa wa mọ́tò. Ìyálọ́mọ bíi tìẹ, o ṣì ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ bí ọmọ tó jí ẹran nínú ọbẹ̀.

Ẹ má gba títì wá. Jọ̀ọ́, ẹ̀rù àwọn ajínigbé ń bà mí. Mo mọ̀ pé wọ́n á ti sọ fún ẹ pé ọ̀nà ti dáa, sójà wà ní Rijana, lágbájá lọ ó sì bọ̀ lánàá. Ẹni tó bọ̀ ló rí ẹnu ròyìn. Reluwé ni kí ẹ wọ̀, Kubwa níbẹ̀ ni kí ẹ ti wọ̀ ọ́, kí ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Rigasa ní Kàdúná níbí, èmi á ti dúró dè yín. Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu ẹ, pé ṣebí reluwé yìí kan náà ni wọ́n ri bọ́ǹbù sójú irin ẹ̀ lápá Kátàrí ní 28 March 2022. Mi ò gbàgbé. Èmi tí mo ti ń pariwo láti 2016 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ pé òun nìkan ni kí èèyàn máa wọ̀! Gbogbo òru ọjọ́ yẹn ni mo fi pe fóònù ẹ, o ò gbé e, àṣé o wà nílé, o ti sùn lọ fọnfọn. Kò sí èyí tí ò ń bà mí lẹ́rù nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n títì yẹn, ọkàn mi ò gbà á.

Kì í ṣe pé ibi tó o fẹ́ kó wọn lọ ò dáa o, inú mi dùn sí i gan-an. Sọ fún wọn kí wọ́n tó dé pé ilé ìjọba nilé yẹn, ibẹ̀ ni Ahmadu Bello, Sardauna Sokoto, ń gbé nígbà tó jẹ́ Prímíà North. 15 January 1966 làwọn sójà ká a mọ́bẹ̀ lóru, wọ́n pa òun àti Hafsatu ìyàwó ẹ̀. Bàbá mi wà ní Kàdúná nígbà yẹn, ó ní àwọn gbọ́ ìbọn, ẹnikẹ́ni ò jáde, torí Májọ̀ Nzeogwu ti ń kó sójà jáde lóru ṣáájú ọjọ́ náà, wọ́n ní ìdánrawò ni, Damisa ni wọ́n pè é, àmọ̀tẹ́kùn nìyẹn lédè Haúsá, etí ará ìlú ti mọ́ ọn. Akíntọ́lá wa, Kakaǹfò, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọjọ́ tó ṣáájú gan-an ló fò wá bá Sardauna ní Kàdúná, ó padà sí Ìbàdàn, òru kan náà ni wọ́n pa òun náà. Bàbá mi kì í sọ ìtàn yẹn kó má fi kún un pé "ó kúkú délé." 1970 ni wọ́n sọ ilé Sardauna di ibi ìwádìí ìtàn, abẹ́ yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ló wà, ìwé ìjọba North àtijọ́ kún ibẹ̀.

Kọ́kọ́ pè wọ́n kí ẹ tó bọ̀. Má mú Friday, tó bá ti sún mọ́ Jímọ̀, ẹni tó yẹ kó mú yín yíká á ti lọ mọ́ṣáláṣí. Ọmọ ẹ ọkùnrin yẹn, di ọwọ́ ẹ̀ mú, kò sí nǹkan tí kì í fọwọ́ kàn.

Mo lọ síbẹ̀ ní Tuesday, mi ò sọ fún ìyá ẹ. Ó lé lọ́gọ́ta ọdún tí mo ti wà nílùú yìí, mi ò débẹ̀ rí. Mi ò tiẹ̀ wọlé, abẹ́ dogóyárò kan níta ni mo jókòó sí. Nígbà tí mo wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé ní Kakuri, mo ń wo aago. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Inú bí mi, mo ní ọmọ mi á wá wo ilé ẹni tó ti kú, kò ní yà nílé èmi tí mo ṣì wà láyé.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí Ìlọrin.

Wàhálà Ṣàríà ní February 2000, ọmọ ọdún méje ni ẹ́, mo gbé ẹ sínú bọ́ọ̀sì pé kí wọ́n gbé ẹ fún ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bàtà rọ́bà yẹ́lò lo wọ̀, ti òsì ti já, mo fi wáyà so ó. Mo ní oṣù kan. Ó di ọdún márùn-ún. Mo máa ń sọ fún ẹ pé ọ̀nà ò dáa ni. Ọ̀nà dáa, Àbẹ̀kẹ́. Ilé iṣẹ́ aṣọ tí mo wà ni ò sanwó mọ́, ojú ń tì mí. Èyí tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí nìyí: ní 2002 mo wá sìnkú ní Ìlọrin, mo sùn ọjọ́ méjì. Ìlọrin sí Ògbómọ̀ṣọ́ ò ju bíi wákàtí kan lọ. Mo dé gáréèjì, mo ti bá dẹ́rẹ́bà dúnàádúrà tán, mo tọwọ́ bàpò, owó tó máa gbé mi dọ́dọ̀ ẹ wà níbẹ̀, èyí tí n ó fi ra búrẹ́dì dání ni ò sí. Mo yí padà.

Torí náà bí ẹ ò bá lè yà, mi ò ní bínú. Màá bínú díẹ̀. Ìyá ẹ ò tíì mọ̀ pé ẹ ń bọ̀, bí ẹ bá máa yà, tètè sọ kó lè rẹ ẹ̀wà sílẹ̀ fún mọ́ínmọ́ín. Bí kò bá ṣeé ṣe, fún mi ní ọjọ́ àti aago, èmi á wá bá yín lábẹ́ dogóyárò yẹn. Màá ra búrẹ́dì dání.

Ẹ má ṣáà gba títì.

Bàbá ẹ