Amọ̀ abẹ́ òkun ni kí ẹ bi

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Bí ilẹ̀ bá ti ya lábẹ́ òkun, ìmìtìtì ilẹ̀ ni gbogbo ẹnu máa ń dá lẹ́bi. Ẹ̀bi yẹn pọ̀ jù fún un, pàápàá ní etí òkun tí yìnyín ti bò rí.

Ẹ wo Storegga, lábẹ́ òkun níwájú ilẹ̀ Nọ́wè. Ní nǹkan bí 8,150 ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ ya níbẹ̀. Ojú ibi tó ti já gùn tó nǹkan bí 300 kìlómítà, omi tó ru sókè sì gun erékùṣù Shetland, ní àríwá Scotland, ga ju 20 mítà lọ. Síbẹ̀, ibẹ̀ kò dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ púpọ̀: nínú 100 mítà, bóyá mítà 1 sí 2 ni ilẹ̀ fi ń relẹ̀.

Bí ilẹ̀ ṣe tò léra ló fà á tí ó fi ya. Nígbà tí ayé móoru, ìṣàn òkun ń rọra tẹ́ amọ̀ kíkúnná síbẹ̀, amọ̀ rírọ̀ tí omi kún inú rẹ̀. Nígbà tí òtútù dé, yìnyín rọ́ láti orí ilẹ̀ títí dé ibi tí òkun ti ń jìn, ó ń ti òkúta, yanrìn àti amọ̀ síwájú, ó sì ń dà wọ́n lé amọ̀ rírọ̀ yẹn lórí kíákíá. Kíákíá yìí ni wàhálà. Ẹni tó ń ṣe gàrí mọ̀ pé bí a bá di ẹ̀gẹ́ tí a rin sínú àpò, tí a gbé òkúta lé e, omi á máa jò díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gẹ́ á sì le. Ẹ dì í sínú ọ̀rá tí kò jò wò: omi ni yóò máa ru òkúta náà, bí ọwọ́ bá sì kàn án báyìí, ó ti yọ̀ lọ. Omi amọ̀ Storegga tún ń wá ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ lọ síbi tí ẹrù kò ti pọ̀, ó sì ń sọ ìsàlẹ̀ di ahẹrẹpẹ.

Ìmìtìtì ilẹ̀ ni ọwọ́ tó kàn án. Yìnyín yọ́, ilẹ̀ tó ti tẹ̀ rì ń gbéra padà, ìgbéra yẹn ló jọ pé ó mi ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò rí ohun tó máa fara tì mọ́, òun náà ya, bẹ́ẹ̀ ló ń gòkè títí tó fi kan ilẹ̀ tí yìnyín ti tẹ̀ le.

Inú ojú ibi tí ilẹ̀ ti ya yìí gan-an ni Ormen Lange wà, níbi tí wọ́n ti ń fa gáàsì láti 2007. Àwọn tó yẹ ibẹ̀ wò kí wọ́n tó ri páìpù kò ka ìmìtìtì nìkan. Wọ́n wọn agbára omi inú amọ̀. Àbájáde wọn ni pé irú èyí tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò lè tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, àfi bí sáà yìnyín mìíràn bá kó ẹrù tuntun dé.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín