Adekunle ló gba Port Harcourt

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ó ń dunni bí àwọn èèyàn ṣe ń kọ ọ́ pé Ọbásanjọ́ ló kó 3 Marine Commando, ẹ̀ka kan lára ọmọ ogun Nàìjíríà, wọ Port Harcourt nígbà ogun Biafra. Rárá o. Benjamin Adekunle, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Kàdúná ní 1936, ni. Oṣù karùn-ún 1968 ló gba ìlú náà. Oṣù karùn-ún 1969 ni Ọbásanjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ojú omi ló ti kọ́kọ́ yọ. Ní oṣù keje 1967, ọkọ̀ ojú omi já àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sí Bonny, níbi tí epo rọ̀bì ń gbà lọ sókè òkun. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá, wọ́n ti gba Calabar.

Àṣìṣe rẹ̀ ńkọ́? Owerri ni. Ó gbà á ní oṣù kẹsàn-án 1968, ṣùgbọ́n ó sáré ju oúnjẹ àti ọta tó ń tẹ̀ lé e lọ. Biafra dínà mọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó wà nínú ìlú. Bàálù ló ń ju ẹrù sí wọn látòkè, òmíràn a sì bọ́ sọ́wọ́ Biafra. Ní oṣù kẹrin 1969, wọ́n jà jáde, Owerri sì bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ líle tó sọ, pé kí oúnjẹ má dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Biafra, ṣì ń dunni, ó sì tọ́ kó dunni. Ẹ kọ ìyẹn náà, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọdún rẹ̀ bó ṣe tọ́.

Òǹkàwé yín,
Ògbómọ̀ṣọ́.