Àwọn ará òfurufú kọ́ o, èèyàn dúdú ló kọ́ Great Zimbabwe

Olótùú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnìkan nínú bọ́ọ̀sì ló ń pariwo lọ́jọ́ Sátidé pé àwọn ará òfurufú ló kọ́ gbogbo ilé olókùúta ayé àtijọ́, inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá bọ́sítọ́ọ̀pù mi. Ẹ jọ̀ọ́, Great Zimbabwe, ìlú olókùúta àtijọ́ tó wà ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe, ńkọ́? Àwọn baba ńlá àwọn Shona, ẹ̀yà kan níbẹ̀, ló kọ́ ọ, ògiri ẹ̀ ga tó mítà 11 níbì kan, símẹ́ńtì kankan ò sí níbẹ̀, òkúta ni wọ́n gé tí wọ́n sì tò léra bí ẹní to búrẹ́dì. Àwọn kan ní torí ogun ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, èmi ò gbà, torí wọ́n tún fi òkúta ṣe ọnà bí eyín ayùn sórí ògiri yẹn, ta ló ń ṣe ògiri ogun lọ́ṣọ̀ọ́? Ọba ló ń fi ọlá hàn jàre! Wúrà àti eyín erin ń gba ọwọ́ wọn lọ sétíkun, kódà wọ́n hú àwo Ṣáínà níbẹ̀. Àwọn òyìnbó kan ní ará Fòníṣíà, àwọn oníṣòwò orí omi ayé àtijọ́ láti apá Lẹ́bánónì, ló kọ́ ọ, àfìgbà tí Gertrude Caton-Thompson, òyìnbó bíi tiwọn tó ń walẹ̀ wá ohun ayé àtijọ́, lọ walẹ̀ níbẹ̀ ní 1929 tó ní ọmọ Áfíríkà ni.

Èmi ni òǹkàwé yín, Ìbàdàn.